Ikọ́ Tó Ń Ṣe Jíìpù Akínwándé

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọn iná, wọlé kó o jókòó. Kí ọlọ́mọ fún ọmọ lọ́mú, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èmi gan-an ò ní lè jókòó, nítorí ìtàn yìí kì í jẹ́ kí ìdí mi balẹ̀. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ ìró, orin á sì máa ti ara wọn lọ́nà ọ̀fun mi. Tí mo bá dá a, ẹ bá mi gbè é. Ìtàn tí ò lórin, bí ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ló rí lẹ́nu mi.

Okokomaiko là ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń ṣẹ́rí padà. Ọdún 1992 ni, ọdún tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Akínwándé, ọkọ mi, bàbá Fọláyẹmí, ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn onígẹdú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn yẹn kógbá wọlé, ó wá di ẹni tó ń jí láàárọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Á dé etí títì, á padà. Á ṣí fèrèsé, á tún tì í. Mo ní, "Bàbá Fọláyẹmí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, òòyì ti ń kọ́ mi."

Ìgbà tó máa jókòó lóòótọ́, orí taya ló jókòó sí. Ó ra jíìpù àwọn ṣọ́jà kan ní gbàǹjo, ó fi okùn wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ gbà mí o! Jíìpù náà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ìjókòó, adìẹ kan ti yé ẹyin síbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ yẹ kó wà. Owólabí, tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa, jáde wá wò ó, ó káwọ́ gbera.

"Akínwándé, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Mo rí i pé o gbé pósí wálé ni."

"Pósí tó máa gbé ẹ̀gẹ́ ìyàwó mi kọjá odò ni," ni ọkọ mi fèsì. "Àyè ṣì wà ńbẹ̀ tó o bá fẹ́ bá wa lọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn dáadáa, nítorí ara rẹ̀ ni ọkàn mi rọ̀ mọ́. Mo dá oko ẹ̀gẹ́ kan sí Ìbà, ní òdìkejì àbàtà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn á gba orí pákó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tutù. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà bínú dé. Ó gbé pákó lọ, ó sọ àbàtà di odò. Kò sí mọ́tò tó jẹ́ fi taya kan ibẹ̀, àwọn alárù sì ní àwọn ò wọ omi tó dé itan. Ẹ̀yin náà sì mọ ẹ̀gẹ́. Tí omi bá dúró tì í nídìí, jíjẹrà ló ń jẹrà, òórùn rẹ̀ á sì lé ajá. Gbogbo ọdún ni mo fi ro oko yẹn. Òun la máa jẹ, òun la máa tà kí Fọláyẹmí àti àwọn àbúrò rẹ̀ tó wọlé ẹ̀kọ́. Tí jíìpù yẹn ò bá kọjá odò kí omi tó gun orí ebè, ó parí fún wa nìyẹn.

Bí mo ti ń lọ wo oko náà ni mo ń bọ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra. Mà á dúró létí omi, mà á na ọrùn, mà á máa kọrin sí i:

*Omi, rọra gùn o,*
*omi, rọra gùn.*
*Ẹ̀gẹ́ mi ò lẹ́sẹ̀,*
*kò lè sá fún ọ.*
*Omi, rọra gùn.*

Omi ò dá mi lóhùn. Ó ti wọ inú poro, ó ń lá ẹsẹ̀ ebè bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀.

Nílé, Sàlámì ló ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́. Wẹ́dà ni Sàlámì, ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju iná tó fi ń jó irin lọ. Wọ́n wá ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀, wọ́n kì í bọ inú jíìpù. Kò gba ibẹ̀. Sàlámì gé irin, ó tún un jó, ó gbà á. Wọ́n gbé ara jíìpù sókè lórí taya ńláńlá kí omi má baà kan ikùn rẹ̀. Wọ́n yí ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde sókè bí ìgbà tí èèyàn gbé fèrè sẹ́nu, kí omi má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọ́n fi irin ṣe ibi ẹrù. Táńkì epo tó bá a wá ti jẹrà, Sàlámì bá ṣe tuntun, ó gbé e sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, ó yọ ọrùn rẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi ìdérí agolo dé e.

Epo tí à ń lò, ọwọ́ Jẹ̀lílì la ti ń rà á. Jẹ̀lílì ará Ìfọ̀ ni, ó ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. A ò gbé jíìpù lọ ilé epo. Kẹ́ẹ̀gì là ń gbé wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi á ti àrọ bọ ọrùn táńkì, á máa da epo sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rọ ọmọ lágbo. Tó bá ti mu ún tán, á nu ẹnu rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ké, ariwo rẹ̀ lé gbogbo adìẹ àdúgbò sá. Èmi bọ́ síta, mo ń jó. Ọkọ mi wà á dé ojú títì, ó wà á padà, eyín rẹ̀ ò pa dé mọ́. Ó ní, "Ìyá Fọláyẹmí, lọ pọ́n àdá rẹ. Lọ́la, a di Ìbà."

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé àdá, mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo gòkè. Ọkọ mi ṣáná sí i. Jíìpù ké gbà-gbà-gbà, a dé ibi tí Àdìjá ti ń ta ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Hù! Hù! Hù! Ó fà wá síwájú, ó já wa sẹ́yìn, ó dákẹ́.

Àdìjá ní, "Ẹ fún un lẹ́kọ gbígbóná mu."

A tì í padà sílé. Ọkọ mi tú púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ó tú kabúrétọ̀ tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹnu fẹ́ gbogbo ojúhò rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí oòrùn ti rọ̀, jíìpù ké, ó sì ń ké lọ geere títí ilẹ̀ fi ṣú. A ní ó ti sàn. Ilẹ̀ mọ́, ó tún wúkọ́, ó tún dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Nírọ̀lẹ́ tí ọjọ́ ti lọ, ara rẹ̀ á le. Láàárọ̀ tá a fẹ́ lọ sóko, ikọ́! Ọkọ mi pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù tó ń fa epo. Kò jókòó jẹun mọ́. Ó ń mú èbà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú sípánà lọ́wọ́ òsì. Nínú oorun pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ń ki jíà. Èmi náà ń lọ Ìbà, mò ń bọ̀. Omi ti dé ìdajì ebè.

Màmá wà pẹ̀lú wa lọ́dún yẹn. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, àgbà nínú àdúrà sì ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó là, wọ́n á ti wọ sùtánà, wọ́n á rìn yí ilé ká láìwọ bàtà, wọ́n á máa mi agogo ọwọ́, wọ́n á máa wọ́n omi àdúrà sí ẹnu ọ̀nà oníkálukú. Owólabí tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń na orí jáde nínú fèrèsé pé, "Màmá, ẹ má gbàgbé tèmi o." Ọkàn wọn ò balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jíìpù. Wọ́n á gbọ́ tó bá ń wúkọ́, wọ́n á di ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n á pe èmi Àbíkẹ́.

"Àbíkẹ́, ṣé ó tún ń ṣe é?"

"Ó tún ń ṣe é, Màmá."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀."

Ó wá di ọjọ́ kan, Sàlámì ní, "Akínwándé, gbogbo ohun tó wà níwájú la ti tú. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń jẹ." Ó tú ìdè abẹ́ táńkì, ó gbe ohun tó ń jáde sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ó gbé e sójú oòrùn. Epo dúró lókè, pupa díẹ̀. Nísàlẹ̀, ohun kan wà tó mọ́ gaara, tí kò dà pọ̀ mọ́ ọn. Sàlámì ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Omi ni."

Ojú ọkọ mi yí padà. Omi máa ń sùn sísàlẹ̀ táńkì lóru, tí ẹ́ńjìnnì bá wá fà á láàárọ̀, ó di ikọ́ nìyẹn. Ta ló ń po omi mọ́ epo fún wa? Ẹni tó ń ta epo ni! Àsìkò ọ̀wọ́n epo ni, àwọn èèyàn ń sọ irú ẹ̀ káàkiri. Kí n tó di gèlè, ọkọ mi ti gbé ìgò náà, ó ti dé ẹ̀bá títì, ó ti ń pariwo lé Jẹ̀lílì lórí lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Jẹ̀lílì! Omi lò ń tà fún mi!"

"Èmi kẹ̀? Bàbá Fọláyẹmí, ẹ fa ọ̀rọ̀ yẹn padà."

"Ẹ̀gẹ́ ìyàwó mi ń jẹrà lóko nítorí tìẹ!"

Àwọn tó ti tò sílẹ̀ bá gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹ̀lílì rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan lé èjìká, ó tẹ̀ lé wa délé. Ó ní ká fọ ìgò, ká nù ún gbẹ. Ó da epo rẹ̀ sí i lójú gbogbo ilé. Epo ni látòkè délẹ̀, kò sí omi tín-ín-rín. Ó fún Sàlámì ní kẹ́ẹ̀gì pé kó da gbogbo rẹ̀ sí táńkì tí wọ́n ti da omi inú rẹ̀ nù.

Jíìpù ké. Kò wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn rárá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sẹ́ni tó ń wọ àbàtà nínú òkùnkùn. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀, kò lè wo Jẹ̀lílì lójú.

Ilẹ̀ mọ́, a ṣáná. Hù! Hù! Hù! Sàlámì tú abẹ́ táńkì. Omi.

Gbogbo ojú bá yí sí Jẹ̀lílì, tó sáré wá nígbà tó gbọ́ ikọ́ náà. Ó wò wá, ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, tí mo bá kírun àsùbáà tán, ibí ni mà á wá. Ìdí jíìpù yìí ni ilẹ̀ á mọ́ bá mi. Ẹni tó ń bà mí lórúkọ jẹ́, mà á rí i."

Mo lọ sóko lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ebè tó wà létí omi ti rì, ewé ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ti pọ́n. Ìyókù ku díẹ̀ kí òun náà rì. Mo padà wálé, mi ò lè dákẹ́, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó là dáadáa, mo ti jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo bá Jẹ̀lílì tó lọ́ṣọ̀ọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka lé ètè. Èmi náà lọ́ṣọ̀ọ́.

A gbọ́ agogo. Màmá ń bọ̀ nínú sùtánà funfun, wọ́n ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àbẹ́là kan ń jó lọ́wọ́ wọn, ìgò omi àdúrà wà lábíyá. Wọ́n wọ́n omi sí ẹnu ọ̀nà Owólabí, wọ́n wọ́n ọn sí tiwa. Wọ́n wá dé ìdí jíìpù. Wọ́n gbé àbẹ́là sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa ara irin rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń pa ọmọ tó ní ibà lórí.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ Akínwándé. Ikọ́ yìí á lọ. Gba èyí mu."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Màmá ṣí ìdérí agolo, wọ́n ti àrọ bọ ọrùn táńkì bí ọkọ mi ṣe ń ṣe, wọ́n da omi àdúrà sí i, ṣọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n sì nu ẹnu rẹ̀ fún un. "Àmín," ni wọ́n wí, wọ́n wọlé lọ.

Èmi àti Jẹ̀lílì wo ara wa. Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún gbé mi, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ tú sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ lọ sọ fún ọkọ mi."

Ó mi orí. "Èmi? Kí n nàka sí ìyá ọlọ́mọ nínú ilé ọmọ rẹ̀? Ìyá Fọláyẹmí, ẹnu mi ti dí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Èmi wo? Ìyàwó ilé ni mí! Wọ́n á ní mo fẹjọ́ ìyá ọkọ sùn."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ mi náà ńkọ́?"

A dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ mú lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwa méjèèjì, ẹnu àwa méjèèjì ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ọ̀run ń ṣú lápá Ìjanikin. Ọkọ mi jáde, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọ abẹ́ jíìpù lọ, ó ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan níta. Sàlámì náà dé. Òjò ti ń rùn nínú atẹ́gùn.

Ohun tí ìyàwó ilé ò lè fi ẹnu sọ, ṣebí ó lè fi kọrin? Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Orin kì í pe orúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá gbọ́, ó gbọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdí jíìpù, mo gbóhùn sókè:

*Jíìpù lẹ́nu méjì o,*
*ẹnu méjì ló ní.*
*Ti iwájú ń mu omi,*
*ti ẹ̀gbẹ́ ń mu epo.*
*Ẹni fomi félépo,*
*ikọ́ ni yóò máa hú!*

Sípánà dákẹ́ lábẹ́ jíìpù. Mo gbá lọ, mo gbá bọ̀.

*Àdúrà ò lábùkù o,*
*omi rere lomi yẹn.*
*Ọ̀nà ọ̀fun ló ṣì gbà,*
*ọ̀nà ọ̀fun ló ṣì gbà.*

"Ìyá Fọláyẹmí," ohùn ọkọ mi jáde látìsàlẹ̀, "tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dá."

Mo tún un dá. Ó fi ẹ̀yìn wọ́ jáde. Ó wo àrọ tó wà lórí taya, omi ṣì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó rí ìda àbẹ́là. Ó wo fèrèsé Màmá, níbi tí ìgò òfìfo dúró sí. Lẹ́yìn náà ló wá wo Jẹ̀lílì, ó sì wò ó pẹ́. Jẹ̀lílì ń wo òkè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ.

Ẹ̀rù wá bà mí, nítorí ẹni tí oorun ti dá lójú ni, ìbínú ò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ẹnu rédíétọ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ kú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi àdúrà wá. Ibi tí jíìpù ti ń mu omi gan-an ni mo fẹ́ fi hàn yín, iwájú níbí."

Màmá jáde. Wọ́n wo rédíétọ̀, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Èyí tí mo ti ń rọ ọ́ látọjọ́ yìí ńkọ́?"

Sàlámì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ìyẹn, Màmá… epo nìkan ni ìyẹn ń mu," ni ọkọ mi wí.

Màmá fi ara lé taya. "Ó ń wúkọ́, mo fún un lómi. Ó tún wúkọ́, mo fi kún un. Akínwándé, nígbà tó o wà lọ́mọdé tí ikọ́ ń dè ọ́ mọ́lẹ̀, kí ni mo fún ọ?"

"Omi àdúrà ni, Màmá."

"Ṣé kò sàn ni?"

"Ó sàn. Ṣùgbọ́n èmi ò mu epo, Màmá."

Sàlámì ò lè mú un mọ́ra mọ́, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí taya tó fọ́. Màmá kọ́kọ́ ṣojú koko sí i, àfi bí àwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tí wọ́n di ikùn mú, tí omijé ń bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dá lójijì. Wọ́n ti rí Jẹ̀lílì.

"Ṣé nítorí mi ni wọ́n ṣe pe ọmọ yìí ní ẹni tó ń po omi mọ́ epo?"

"Ẹ má dààmú, Màmá," ni Jẹ̀lílì wí.

"Mo máa dààmú. Akínwándé, ẹ fọ ikùn ọkọ̀ náà kíá. Mò ń bá yín lọ."

Wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú táńkì nù, Jẹ̀lílì da epo tuntun sí i, Màmá fi ọwọ́ ara wọn da omi sí rédíétọ̀. Ọkọ mi ṣáná. Gbà-gbà-gbà-gbà! Kò sí ikọ́. Gbogbo wa fò sẹ́yìn ọkọ̀, èmi, Sàlámì, Jẹ̀lílì, Owólabí tó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí pósí ń lọ, àti Màmá lórí àpótí láàárín wa.

Nígbà tá a dé ẹ̀bá títì tí Jẹ̀lílì ti ń ta epo, Màmá ní kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n dìde lórí ibi ẹrù, wọ́n mi agogo títí gbogbo oríta fi yíjú sí wa.

"Ẹ gbọ́ o, ará Okokomaiko! Èmi ìyá Akínwándé ni mo da omi sínú epo ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ni. Epo Jẹ̀lílì mọ́! Ẹni tó bá tún pè é ní olè, kó wá pe èmi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀!"

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó dojú kọ Jẹ̀lílì. "Mo ṣì ọ́ mú lójú ọjà, ojú ọjà náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́." Jẹ̀lílì gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ wa ọkọ̀, òjò ń bọ̀." Àwọn oníkẹ́ẹ̀gì ti ń padà wá, ó ní kí àbúrò òun máa dá wọn lóhùn.

A dé àbàtà. Yé, omi náà pọ̀! Ọkọ mi ki jíà tó ń yí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ ọ́ jẹ́jẹ́. Omi dé ojú taya, ó dé ibi iná ọkọ̀. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì hú ikọ́ kan. Hù! Ìṣẹ́kù omi ni, nínú páìpù. Màmá na ọwọ́ sí ìgò wọn.

"Màmá! Rárá o!" Gbogbo wa ké e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni mo fẹ́ mu ún," ni wọ́n wí, wọ́n sì mu ún.

Ọkọ mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ń tẹ iná mọ́ ọn. Jíìpù gbọ̀n, ó fa èémí, ó ké, ó sì gun òdìkejì bí erinmi. Mo ti bẹ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Àwọn ebè etí omi ti lọ, wọ́n ti rà; ìyókù dúró, omi sì ti dé ọrùn wọn. A ò sinmi. À ń fà á tu, à ń gé e, à ń kó o. Òjò dé bá wa níbẹ̀, ó lù wá, a ò dáhùn. Jíìpù ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tá a kó èyí tó gbẹ̀yìn kọjá, mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ebè kankan mọ́, omi nìkan ló tẹ́ lọ rẹrẹ.

A bó o, a rin ín, a fún un, a sì yan án. Ọjọ́ tí gàrí kúrò lórí iná, mo ní kí gbogbo ẹni tó fi ọwọ́ kàn án wá. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń pẹja gbé ẹja tútù wá, mo sè é pẹ̀lú ilá tó ń yọ̀ bí ojú ọ̀nà Ìbà. Mo te èbà náà tó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Jẹ̀lílì àti ọkọ mi jẹun nínú abọ́ kan náà. Sàlámì jẹ títí ó fi tú bẹ́líìtì. Owólabí béèrè fún ìdì kejì, ó béèrè fún ẹ̀kẹta. Àdìjá fi ẹ̀kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó wá jẹ èbà. Màmá gbàdúrà lé wa lórí, a ṣe àmín, àwọn mùsùlùmí ṣe àmínà, mo sì dá orin títí ohùn mi fi há.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń sún wọlé, mo wọn gàrí fún oníkálukú lọ́wọ́. Wọ́n gbé e, wọ́n ń lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tayín, wọ́n ń gùnfẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ebi tẹ̀ lé délé.